Ìṣó Ara Ògiri

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Èyí tí mò ń wí ò jó.
Ní Split, létí òkun Adiríátíìkì,
ọba Róòmù kan kọ́ ààfin kó lè fẹ̀yìn tì síbẹ̀,
kó máa gbin kábéèjì, kó máa gbọ́ ìró omi.
Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Ó sì wàjà.
Àwọn tí ogun lé kúrò ní Sálónà sá wọ inú rẹ̀,
wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ òpó, wọ́n dáná sí gbọ̀ngàn,
wọ́n bímọ síbẹ̀.
Wọn ò tíì jáde títí dòní.

Mo háyà yàrá kan lọ́dọ̀ Perina Kuzmanić,
ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin
tí ògiri ọba jẹ́ ògiri ilé ìdáná rẹ̀.
Mo ti kàwé kí n tó dé.
Mo mọ iye òpó,
mo mọ̀ pé erékùṣù Brač ni òkúta funfun náà ti wá,
mo mọ̀ pé kìnnìún olórí ènìyàn tó dùbúlẹ̀ níta
ti dàgbà ju ọba fúnra rẹ̀ lọ, Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e.
Perina gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.
Ó ní, “O ti wò ó. O ò tíì fọwọ́ kàn án.”
Ó fà mí lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ọmọ lọ sílé ìwé.

Ibí ni àmì agbẹ́-òkúta wà, lẹ́tà kan ṣoṣo,
kí wọ́n lè mọ owó tó jẹ́ tirẹ̀ bó bá dìrọ̀lẹ́.
Ṣé wọ́n san án? Ta ló mọ̀.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbélébùú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ họ
láyé tí ojúbọ àtijọ́ di ibi ìrìbọmi.
Lókè díẹ̀, ọkọ̀ ojú omi onígbòkun mẹ́ta,
iṣẹ́ ọmọ tí iṣẹ́ ilé ti sú.
Lẹ́yìn náà, ihò ọta ìbọn méjì.
Kò sọ nǹkan kan lórí wọn.
Ó fi àtàǹpàkò dí ọ̀kan, ó kọjá.

Ó wá ku ìṣó.
Irin ńlá, orí rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹyọ owó.
Bàbá ọkọ rẹ̀ ló kàn án,
kí ìyàwó ilé lè rí ibi so okùn aṣọ mọ́.
Ìlédìí, aṣọ ìbùsùn, aṣọ ọ̀fọ̀,
aṣọ iṣẹ́ Frane, tó máa ń rùn fún epo ọkọ̀,
ara òkúta ọba ni gbogbo wọn ti gbẹ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ohun àjogúnbá.
Vinko lorúkọ rẹ̀. Ìwé ńlá, tọ́ọ̀ṣì, ojú tó le bí ọjọ́ ìdánwò.
Ó ní gbogbo irin ara ògiri gbọ́dọ̀ kúrò,
nítorí ògiri yìí, ti gbogbo ayé ni.
“Gbogbo ayé?” ni Perina wí.
“Nígbà tí òjò ń jò wọlé lọ́dún tó kọjá,
gbogbo ayé ò gbé garawa wá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Vinko ò rẹ́rìn-ín.
Ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ ọ́:
àmì agbẹ́-òkúta. Àgbélébùú. Ọkọ̀. Ihò ọta.
Ó dé ìdí ìṣó, bírò dúró.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Ìka rẹ̀ rí ibi tí òòlù ti ṣìnà,
ibi tí bàbá yẹn ti lu òkúta dípò irin,
tó sì ṣeé ṣe kó ṣépè.

Mo ti dúró níwájú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà rí,
mo káwọ́ sẹ́yìn bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.
Ẹ̀yìn ọrùn ọmọ náà ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn.

Ó kọ ọ́ níkẹyìn, mo yọjú kà á:
*Ìṣó. Irin. Ìdílé Kuzmanić. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́.*
Kó tó pa ìwé dé, Perina ti na etí aṣọ ìbùsùn tútù kan sí i.
“Dì í mú,” ló wí. “Fà á dáadáa.”